Bí A Ṣe Ń Yan Fíṣà fún Ògiri Bọ́ọ̀dù, àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Sí I

Ògiri búlọ́ọ̀kù ni ọwọ́ àwọn káfíńtà àti àwọn oníná wa ní Ìkòròdú mọ́ jù. Wọn a fi díríìlì lu ihò, wọn a ti fíṣà onírọ́bà, ìyẹn ike kékeré tí ń di sukúrù mú, bọ inú rẹ̀, wọn a yí sukúrù sí i, ohun tí wọ́n gbé kọ́ yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí onílé bá fẹ́ tún ilé kùn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọ́fíìsì, ilé oògùn, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pín sí yàrá kéékèèké ní agbègbè Sábó àti ní ojú ọ̀nà Ṣàgámù, ògiri mìíràn ni ẹ ó máa bá pàdé, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi jípsọ̀mù, ìyẹ̀fun òkúta funfun kan, ṣe, tí wọ́n sì kàn mọ́ férémù irin tàbí igi. Ara ògiri yìí dán, ó gba ọ̀dà dáadáa, kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dúró, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Bí a bá fi ọgbọ́n búlọ́ọ̀kù ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, fíṣà yóò máa yí nínú ihò láìdì mú, tàbí kí ó dì mú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó já pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀ àti abala bọ́ọ̀dù kan.

Ohun kan ni ó yẹ kí a dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára búlọ́ọ̀kù, fífún tí fíṣà fún mọ́ inú ihò ni ó ń gbé ẹrù. Lára bọ́ọ̀dù, ohun tí ó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ni ó ń gbé e. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í fi í ṣe bí fíṣà náà ti tóbi tó, bí kò ṣe ohun tí yóò di bọ́ọ̀dù mú láti ẹ̀yìn.

Ẹ mọ irú ògiri tí ó wà níwájú yín

Ojú nìkan kò tó láti fi mọ ìyàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé tuntun láti Ìgbógbó dé Ìjẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi pílásítà rẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tán, wọn a tún fi POP fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kun ara rẹ̀ kí ó lè dán, ẹni tí kò bá sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é lè pè é ní bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù rárá. Búlọ́ọ̀kù ni, fíṣà onírọ́bà tí a mọ̀ ni yóò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí sukúrù bá sáà ti gùn tó láti kọjá POP àti pílásítà wọ inú búlọ́ọ̀kù. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì oníke ni wọ́n fi bo búlọ́ọ̀kù fún ẹwà. Irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti gbé nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí sukúrù gba inú rẹ̀ kọjá sínú búlọ́ọ̀kù.

Ẹ fi eegun ìka kan ògiri náà ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Búlọ́ọ̀kù a dún kì, yóò sì dun yín lọ́wọ́. Bọ́ọ̀dù a dún bí ìlù. Bí ó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ wá ibi tí ohun tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ yóò bò mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò kékeré kan síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun funfun nìkan ni ó ń dà jáde, tí bíìtì sì já sínú òfìfo lójijì lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀, bọ́ọ̀dù ni. Bí ìyẹ̀fun funfun bá dà díẹ̀, tí eruku aláwọ̀ eérú sì tẹ̀lé e, tí díríìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ ti bá búlọ́ọ̀kù pàdé.

Bọ́ọ̀dù jípsọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun líle. Jípsọ̀mù tí wọ́n fi omi pò tí ó sì gan ni ó wà láàárín rẹ̀, bébà tí ó nípọn sì bo iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹyọ kan sábà máa ń fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Èyí tí wọ́n ń lò jù fún ògiri nípọn tó mìlímítà 12.5, èyí tí ó fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 9 wà pẹ̀lú, àjà ni wọ́n sì sábà máa ń fi í ṣe. Inú bébà yẹn ni púpọ̀ nínú agbára bọ́ọ̀dù wà. Bí ẹ bá fi ìkánjú lu ihò tí bébà sì fà ya yíká, jípsọ̀mù tí ó kù níbẹ̀ yóò máa rún díẹ̀díẹ̀, fíṣà yòówù tí ẹ ìbáà fi sí i.

Omi ni ó ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́ jù lọ. Ní àdúgbò tí ó súnmọ́ ọ̀sà bíi Báyékù, àti nínú oṣù Òkúdù tí òjò ń rọ̀ láìdábọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri náà wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, pàápàá ní ìdí fèrèsé àti ní ibi tí ó bá ilé ìwẹ̀ pààlà. Bí ó bá tẹ̀ wọlé, tàbí tí ẹ bá rí àbàwọ́n omi tí ó ti pọ́n, ẹ má ṣe gbé nǹkankan kọ́ síbẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ibi tí omi ti ń wọlé tí ẹ ó sì pààrọ̀ abala náà. Bọ́ọ̀dù tí bébà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé máa ń fara da ọ̀rinrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò lè gba omi tí ń jò sí i lójoojúmọ́.

Ẹ wọn ẹrù náà, kí ẹ sì mọ ibi tí ó ń fà sí

Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n ẹrù. Ẹ gbé e lórí ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara ẹni: ẹ wọn ara yín, ẹ gbé ẹrù náà dání, ẹ tún wọn ara yín, kí ẹ sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti kejì. Bí ó bá jẹ́ pẹpẹ ni, ohun tí ẹ ó tò sórí rẹ̀ ni ẹ ó wọ̀n pẹ̀lú, nítorí ìwé àti ìgò ń wúwo ju bí ènìyàn ti lérò lọ, lítà omi kan sì jẹ́ kílógíráàmù kan.

Ìwọ̀n nìkan kò tó. Férémù àwòrán tí ó fi ara lé ògiri ń fa fíṣà wá sí ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀dù sì máa ń fara da irú fífà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Pẹpẹ tí ó yọrí síta ń ṣe méjì pọ̀: ó ń fa fíṣà sí ìsàlẹ̀, ó sì ń fa èyí tí ó wà lókè síta kúrò lára ògiri. Fífà síta yìí ni ó ń já bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní pẹpẹ kan yọrí ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ẹrù orí rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 16, tí ó sì tẹ́ dọ́gba. Àárín ẹrù náà yóò jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí irin apá tí ó gbé pẹpẹ náà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, agbára tí ń fa sukúrù òkè síta yóò jẹ́ 16 lọ́nà 15 tí a fi 30 pín, èyí tí í ṣe kílógíráàmù 8. Bí irin apá náà bá kúrú, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, agbára yẹn yóò di kílógíráàmù 24, bẹ́ẹ̀ ẹrù kan náà ni, ògiri kan náà sì ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra irin apá fún pẹpẹ, ẹ yan èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn sílẹ̀ lára ògiri. Owó tí ó fi wọ́n ju èyí tí ó kúrú lọ kò tó nǹkan, iṣẹ́ tí ó ń bá fíṣà ṣe sì pọ̀.

Ẹ wá òpó inú ògiri kí ẹ tó ronú kan fíṣà

Bọ́ọ̀dù kì í dá dúró. Òpó irin tàbí òpó igi ni wọ́n kàn án mọ́, àárín òpó kan sí àárín èkejì a sì sábà máa jẹ́ íńṣì 16 tàbí 24, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 tàbí 60. Kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ni ó ń wọ̀n ọ́n dọ́gba, nítorí náà ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀lé tépù nìkan.

Irin òòfà kékeré, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, kí ẹ sì máa fà á gba ara ògiri lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó bá ti lẹ̀, orí sukúrù tí wọ́n fi kan bọ́ọ̀dù ni ó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, kí ẹ wá òmíràn lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀. Bí àmì mẹ́ta bá tò lórí ìlà òró kan, ẹ ti rí òpó. Bí irin òòfà bá ń lẹ̀ ní gbogbo ibi tí ẹ fà á gbà lórí ìlà náà, tí kì í ṣe ní ojú sukúrù nìkan, òpó irin ni. Bí ó bá ń lẹ̀ ní ojú sukúrù nìkan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ igi.

Bí òpó igi bá bọ́ sí ibi tí ẹ fẹ́, ẹ kò nílò fíṣà kankan mọ́. Sukúrù igi tí ó gùn tó mìlímítà 50 yóò gba inú bọ́ọ̀dù kọjá, yóò sì wọ inú igi ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ìyẹn sì lágbára ju fíṣà èyíkéyìí tí wọ́n ń tà lọ. Òpó irin yàtọ̀. Páànù fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká ni, nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì mìlímítà lọ. Sukúrù tí ẹnu rẹ̀ ń lu irin fúnra rẹ̀ a máa dì í mú fún ohun tí kò wúwo, ṣùgbọ́n fún ẹrù gidi, ẹ lu ihò kọjá bọ́ọ̀dù àti òpó irin pọ̀, kí ẹ sì lo bóòtù oníyẹ̀ẹ́ tí n óò ṣàlàyé láìpẹ́. Mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n sún ohun tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì díẹ̀ kí ó lè bọ́ sórí òpó, kàkà kí wọ́n máa wá fíṣà tí ó lágbára jù lọ ní ọjà.

Irú fíṣà tí ó wà, àti iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Fíṣà oníke tí gbogbo wa mọ̀, Artur Fischer, ará Jámánì kan, ni ó ṣe é ní 1958. Bí sukúrù bá ti ń wọ inú rẹ̀ ni ó ń wú, tí ó sì ń ti ara ihò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ó nílò ihò jíjìn nínú ohun líle kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mìlímítà 12.5 ni gbogbo ohun tí bọ́ọ̀dù ní láti fún un, ìyókù ara fíṣà náà sì wà nínú òfìfo. Ìdí nìyí tí ó fi dára fún kàlẹ́ńdà, aago kékeré tàbí férémù àwòrán tí kò ju kílógíráàmù méjì lọ, tí kò sì yẹ fún ohunkóhun tí ó bá yọrí síta.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni fíṣà aláyìíwọ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, eyín rẹ̀ fẹ̀, ó sì ga síta. A kì í gbá a wọlé. Sukudíráfà sítáà ni a fi ń yí i wọ inú bọ́ọ̀dù, eyín rẹ̀ a sì jẹ jípsọ̀mù mú. Ó yá láti fi sí i, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò ní díríìlì. Ti irin wà, ti oníke náà wà. Èmi fẹ́ràn ti irin, nítorí pé ẹnu ti oníke sábà máa ń kán bí ó bá bá òpó irin pàdé lójijì. Ẹ lò ó fún férémù ńlá, dígí kékeré, ibi ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́, tàbí ọ̀pá kọ́tìnnì tí aṣọ rẹ̀ kò wúwo, níwọ̀n bí ẹrù kò bá ju kílógíráàmù márùn-ún sí méje lọ lórí fíṣà kan. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá yọ ọ́, ihò tí ó fi sílẹ̀ tóbi, ẹ kò sì lè dá a padà sínú ihò kan náà.

Ẹ̀kẹta ni fíṣà onírin tí ń ká lẹ́yìn bọ́ọ̀dù. Ó dà bí ọ̀pá irin tí wọ́n là ní ìhà, pẹ̀lú sukúrù tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá ti ń yí sukúrù, ìhà irin náà yóò máa tẹ̀, yóò sì ká mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù títí yóò fi di bọ́ọ̀dù mú níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá ti ká tán, ẹ lè yọ sukúrù kí ẹ tún dá a padà ní ìgbà yòówù, irin náà kò ní kúrò. Nítorí èyí ni mo fi kà á sí èyí tí ó yẹ jù fún pẹpẹ kékeré, àpótí oògùn àti àwọn ohun tí a óò máa tú sílẹ̀ láti kun ògiri. Ohun kan ṣoṣo ni ó gba àkíyèsí nígbà tí ẹ bá ń rà á: wọ́n ń ṣe é ní oríṣiríṣi gígùn fún oríṣiríṣi nínípọn bọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀dù mìlímítà 9 kò ní lè ká dáadáa lẹ́yìn bọ́ọ̀dù 12.5. Bí wọ́n bá kan bọ́ọ̀dù méjì lé ara wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe níbi tí wọn kò fẹ́ kí ariwo kọjá, ó di mìlímítà 25, èyí tí ó gùn jù ni ẹ ó sì rà.

Bóòtù oníyẹ̀ẹ́ ni ó lágbára jù. Bóòtù ni, ìyẹ́ irin méjì tí sípíríìnì ń tì sílẹ̀ sì wà ní orí rẹ̀. Ẹ ó pa ìyẹ́ náà mọ́ra, ẹ ó tì í gba inú ihò kọjá, ìyẹ́ yóò sì là sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti fún bóòtù náà, ìyẹ́ yóò tẹ́ mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, ẹrù yóò sì pín sórí ààyè tí ó fẹ̀ dípò ojú ihò kan ṣoṣo. Nǹkan méjì ni ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ó nílò ihò ńlá: bóòtù tí ó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 5 yóò gba ihò mìlímítà 13. Èkejì, bí ẹ bá yọ bóòtù náà pátápátá, ìyẹ́ yóò jábọ́ sínú ògiri, ẹ kò sì ní rí i mọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, irin apá tàbí ohun tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ gbọ́dọ̀ ti wà lára bóòtù kí ẹ tó ti ìyẹ́ wọlé. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ọ̀pá irin kékeré pẹ̀lú okùn oníke méjì; ti òun kì í jábọ́, nítorí òrùka oníke iwájú ń fa ọ̀pá náà mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù kí bóòtù tó dé rárá. Ó wọ́n ju ti onísípíríìnì lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i rà, òun ni kí ẹ mú.

Lára páálí fíṣà, ẹ ó rí iye kílógíráàmù tí ó lè gbé. Iye yẹn sábà máa ń jẹ́ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí nígbà tí wọ́n dán an wò lórí bọ́ọ̀dù tuntun tí ó gbẹ, tí wọ́n sì fi sí i dáadáa. Ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ sì lo ìdá kan. Páálí tí ó kọ kílógíráàmù 40, ẹ kà á sí 10. Àgàgà bí ó bá jẹ́ páálí tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, irú tí ó kún ọjà wa.

Rírà àti ìpèsè

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Sábó tí ẹ sì kàn ní ẹ fẹ́ ra fíṣà, ti búlọ́ọ̀kù ni wọn yóò gbé fún yín. Ẹ ṣàlàyé: “Bọ̀dá, bọ́ọ̀dù ni ògiri mi, inú rẹ̀ ṣófo; èyí tí ń ká lẹ́yìn tàbí èyí tí ó ní ìyẹ́ ni mo fẹ́.” Bí wọn kò bá ní in, àwọn tí ń ta bọ́ọ̀dù àti irin férémù gan-an ni ó yẹ kí ẹ lọ bá. Ẹ ra ẹyọ méjì lé sí iye tí ẹ nílò. Fún ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná, ẹ ra sukúrù tí kì í dípẹtà, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí èyí tí wọ́n kàn fi síńkì pa lára pẹ́ kí ó tó pọ́n.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: tépù, pẹ́ńsù, lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́ dọ́gba, sukudíráfà sítáà, díríìlì pẹ̀lú bíìtì tí ó bá fíṣà yín mu, ìbòjú àti ìbomú. Ẹ má fojú kéré ìbomú, eruku jípsọ̀mù máa ń ta ọ̀fun.

Lílu ihò

Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Ẹ sọ bíréékà yàrá náà kalẹ̀, kí ẹ sì rántí pé bí NEPA kò bá tilẹ̀ mú iná wá, ìnífátà lè máa fi iná ránṣẹ́ gba inú wáyà kan náà; òun àti jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ pa pẹ̀lú, kí ẹ sì lo díríìlì oníbátìrì. Wáyà sábà máa ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ tààrà láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súìṣì, nítorí náà ẹ má ṣe lu ihò kankan sókè wọn tàbí sísàlẹ̀ wọn. Ohun kan náà ni fún páìpù omi ní ibi tí ẹnu ẹ̀rọ omi bá wà.

Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì fa ìlà, kí ẹ gbé ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ sí i, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ojú ihò rẹ̀ gan-an. Ẹ yẹra fún ibi tí bọ́ọ̀dù méjì ti pàdé, kí ẹ má sì jẹ́ kí fíṣà méjì súnmọ́ra ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ bí ẹrù bá wúwo. Lẹ́yìn náà, ẹ yí bọ́tìnnì díríìlì kúrò níbi tí ó ti ń gbá bí òòlù. Ìyẹn wà fún búlọ́ọ̀kù. Lára bọ́ọ̀dù, yóò fọ́ ẹ̀yìn ihò yángá-yàngà níbi tí ẹ kò lè rí i, ibẹ̀ gan-an sì ni fíṣà fẹ́ fi ara tì. Ẹ mú díríìlì dúró tààrà, kí ó máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì fi agbára tì í. Bíìtì náà gbọ́dọ̀ mú, kí ó lè gé bébà dípò kí ó ya á.

Fún fíṣà oníke, ẹ lo bíìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti fíṣà, kí ẹ rọra gbá a wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ògiri. Fún aláyìíwọ̀, ẹ fi ẹnu sukudíráfà dá ojú kan sí bébà, kí ẹ tẹ fíṣà náà díẹ̀ bí ẹ ti ń yí i, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú àáyá tí orí rẹ̀ bá tẹ́ mọ́ ògiri. Ọwọ́ ni kí ẹ fi parí rẹ̀, kì í ṣe díríìlì; yíyí kan tí ó bá lé, jípsọ̀mù tí eyín rẹ̀ dì mú ti di ìyẹ̀fun nìyẹn.

Fíṣà tí ń ká lẹ́yìn gba sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lu ihò tí ó bá ọ̀pá rẹ̀ mu, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ kí èékánná kéékèèké tí ó wà ní abẹ́ orí rẹ̀ lè wọ inú bébà. Àwọn èékánná yìí ni kì í jẹ́ kí ó máa bá sukúrù yí. Ẹ wá máa yí sukúrù. Yóò kọ́kọ́ rọrùn, yóò le bí irin ti ń ká, yóò sì le gan-an nígbà tí ó bá ti kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ tú sukúrù jáde, ẹ gbé ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ sí ojú rẹ̀, kí ẹ sì yí sukúrù padà wọlé. Fún bóòtù oníyẹ̀ẹ́, ẹ rí i dájú pé òfìfo tí ó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ìyẹ́ lè rí ààyè là; bí wọ́n bá lẹ bọ́ọ̀dù mọ́ búlọ́ọ̀kù tààrà, kò ní ṣiṣẹ́, fíṣà gígùn tí ó wọ búlọ́ọ̀kù ni ẹ ó lò. Nígbà tí ìyẹ́ bá ti wọlé, ẹ fa irin apá náà síta díẹ̀ bí ẹ ti ń fún bóòtù, kí ìyẹ́ má bàa máa yí pẹ̀lú rẹ̀ nínú òfìfo.

Kí ẹ tó gbé ẹrù sí i, ẹ fi ọwọ́ fà á síta àti sísàlẹ̀. Bí ó bá mì, ẹ má ṣe tún un fún lórí ìrètí pé yóò dì mú; ẹ yọ ọ́, kí ẹ lo irú tí ó lágbára jù ú lọ nínú ihò kan náà, nítorí ihò tí fíṣà oníke ti bàjẹ́ sábà máa ń tó bóòtù oníyẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi bíìtì fẹ̀ ẹ́. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó là yíká orí fíṣà, tàbí àlàfo tí ó yọ láàárín irin apá òkè àti ògiri, jẹ́ àmì pé ó ti ń já.

Tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ohun tí bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbé

Tẹlifíṣọ̀n tí ó fi ẹ̀yìn lé ògiri gbọọrọ ṣeé gbé kọ́ sára bọ́ọ̀dù, bí ó kéré tán méjì nínú sukúrù rẹ̀ bá wọ òpó, tí ìyókù sì jẹ́ bóòtù oníyẹ̀ẹ́. Èyí tí ó ní apá tí a ń fà síta ni èmi kì í fọwọ́ sí láé lára bọ́ọ̀dù lásán, nítorí ìṣirò pẹpẹ òkè yẹn ni yóò máa ṣẹ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ọmọdé bá fà á wá síwájú. Fáànù òkè, ẹ̀rọ tí ń gbóná omi, ọ̀pá tí àgbàlagbà fi ń di ara rẹ̀ mú nílé ìwẹ̀: inú òpó tàbí inú búlọ́ọ̀kù ni ti gbogbo wọn. Bí ògiri yín kò bá tíì kún, tí férémù ṣì wà ní gbangba, ẹ ní kí káfíńtà kan páláńkì tàbí pílíwúùdù mìlímítà 18 sáàárín òpó ní gbogbo ibi tí ẹ mọ̀ pé ẹrù yóò wà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú tépù lára kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀dù bò ó.

Ihò tí ẹ kò lò mọ́

Fíṣà aláyìíwọ̀, ẹ yí i padà síta. Èyí tí ó ti ká lẹ́yìn kò ní jáde. Ẹ yọ sukúrù rẹ̀, kí ẹ fi òòlù gbá orí rẹ̀ wọlé díẹ̀ kí ó rẹlẹ̀ ju ojú ògiri lọ. Ẹ gé bébà tí ó ti ṣù jáde kúrò, ẹ fi POP tàbí púútì dí ihò náà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ dí i lẹ́ẹ̀kejì nítorí ti àkọ́kọ́ máa ń fà wọlé, kí ẹ sì fi sáńpépà rẹ́ ẹ. Bí ihò bá tóbi ju kọ́ínì lọ, ẹ lẹ tépù alájọ̀ tí wọ́n ń lò fún ojú ìpàdé bọ́ọ̀dù mọ́ ọn kí ẹ tó fi púútì lé e. Fíṣà tuntun kò gbọdọ̀ wọ inú púútì yìí. Ẹ sún un kúrò níbẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó kéré tán.